Ta Ló Ń Ṣe Kí Ni Nínú Hòtẹ́ẹ̀lì? Ẹ̀kọ́ Nípa Ẹ̀ka Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan



Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ọmọbìnrin kan tó ti ké kéwú lọ́dọ̀ wa rí, tó sì ti gba ìwé ẹ̀rí nípa iṣẹ́ ìgbàlejò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogboòṣe, wá bá wa pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan. Bàbá ní òun ò gbà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá sọ: "Ààfáà, hòtẹ́ẹ̀lì ni hòtẹ́ẹ̀lì ń jẹ́." Ọmọ náà kò já bàbá rẹ̀ ní koro, ilẹ̀ ló ń wò. Àwọn méjèèjì fẹ́ kí a dá sí i.

A ò lè tètè dáhùn, nítorí bí bàbá yẹn ṣe ń rò ni àwa náà ń rò tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa bá ti gbọ́ "hòtẹ́ẹ̀lì", ọtí àti ìṣekúṣe ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Irú ibi bẹ́ẹ̀ sì wà lóòótọ́, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé kò lè dá ẹjọ́ ilé náà ní ẹjọ́ òdodo. Nítorí náà, a fẹ́ mú yín rìn nínú hòtẹ́ẹ̀lì lóṣù yìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ lè mọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà a ó padà sọ́dọ̀ bàbá àti ọmọ.

Ilé àlejò láyé àtijọ́

Ilé tí arìnrìn-àjò ń sanwó sùn kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn Mùsùlùmí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé "funduq" ni wọ́n ń pe hòtẹ́ẹ̀lì títí dòní. Ní àwọn ìlú ọjà ńlá láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò máa ń kó ẹrù àti ẹran wọn sí ìsàlẹ̀, àwọn fúnra wọn á sì sùn sí yàrá òkè. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èyí tí Sultan al-Ghuri kọ́ ní ìlú Cairo ní nǹkan bí ọdún 1504, ṣì wà lórí ìdúró.

Hòtẹ́ẹ̀lì bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1829, wọ́n ṣí Tremont House ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni àlejò ti ń rí yàrá tó ní àgádágodo tirẹ̀, ọṣẹ ọ̀fẹ́, àti ibì kan tí a yà sọ́tọ̀ láti gbà á lálejò. Ní ọdún 1908, Ellsworth Statler ṣí hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú Buffalo, ó sì fi ilé ìwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, Federal Palace ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún òmìnira, 1960, Premier Hotel sì bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Mokola ní Ìbàdàn ní ọdún 1966. Bí ilé náà ṣe ń tóbi sí i ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ń pín sí i, títí ó fi di ẹ̀ka ẹ̀ka bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ̀ka kìíní: Ìgbàlejò

Ẹ̀ka yìí ni àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Kàńtà wọn kì í jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, tọ̀sán tòru sì ni èèyàn máa ń wà níbẹ̀. Kí àlejò tó dé, àwọn ni wọ́n ń gba yàrá sílẹ̀ fún un. Bó bá dé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á gba owó àsansílẹ̀, wọ́n á sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ń mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Bó bá ń lọ, àwọn ni yóò ṣírò owó rẹ̀, tí wọn yóò sì gba kọ́kọ́rọ́ padà.

Òfin kan wà tí òṣìṣẹ́ kàńtà tó gbọ́n kì í tàpá sí: kì í pe nọ́ńbà yàrá àlejò sókè níbi tí ẹlòmíràn ti lè gbọ́. Yóò kọ ọ́ sórí ìwé ni, yóò nà án sí i. Bí ẹnì kan bá wá béèrè pé yàrá wo ni lágbájá wà, kò ní sọ. Yóò kọ́kọ́ pe àlejò náà lórí tẹlifóònù láti gba àṣẹ. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí wọ́n bá kígbe nọ́ńbà yàrá yín ní kàńtà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá fún yín.

Iṣẹ́ tó tún wúwo jù lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n mọ ipò tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ipò mẹ́rin ló ṣe kókó: èèyàn wà níbẹ̀, àlejò ti lọ ṣùgbọ́n a ò tíì tún un ṣe, a ti tún un ṣe, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, káàdì tí wọ́n ń tò sára ògiri ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá sọ fún kọ̀ǹpútà nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀.

Ohun tí ojú wa rí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́ta lọ sí àpérò àwọn olùkọ́ èdè Lárúbáwá. A ti kí ìrun Ìṣáì lójú ọ̀nà kí a tó dé hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá wọ̀ sí. Wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá 214. Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti rún, táwẹ́ẹ̀lì tútù wà nílẹ̀, egungun ẹja sì wà nínú abọ́ lórí tábìlì. Àlejò tó lọ láàárọ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀.

A sọ̀ kalẹ̀ padà. Ọmọkùnrin tó wà ní kàńtà ṣí ìwé rẹ̀ hàn wá: "Ẹ wò ó, sà, wọ́n ní 214 ti wà ní mímọ́." Wọ́n pe arábìnrin tó ń tọ́jú yàrá. Ó ní 241 ni òun sọ lórí tẹlifóònù. Nọ́ńbà méjì ló pààrọ̀ ipò, àwa sì jókòó lé àpò ẹrù wa fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Kò sí ọ̀lẹ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó sọ ọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ kò sì tún un pè padà kó lè dá a lójú.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá kan tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìtọ́jú yàrá wá bẹ̀ wá. A ní a ti gbà, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ mú wa wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú wa rìn yí ilé náà ká. Bí a ṣe ń lọ, ó sọ fún wa pé: "Ààfáà, iṣẹ́ ibí yìí kò le. Ká sọ ọ́ fún ara wa ló le." Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ ó rí nínú gbogbo ẹ̀ka tó kù.

Ẹ̀ka kejì: Ìtọ́jú yàrá àti ìfọṣọ

Ẹ̀ka yìí ló sábà máa ń ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀, àlejò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, òṣìṣẹ́ kan lè tọ́jú yàrá tó bíi 12 sí 16 láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kò lè lò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lórí yàrá kan.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ wọn fi ní ètò. Òṣìṣẹ́ á kanlẹ̀kùn, á sọ ẹni tó jẹ́, á dúró, á tún kàn án kó tó wọlé. Á ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ wọlé. Á ká aṣọ tó dọ̀tí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, á da ìdọ̀tí nù. Á nu nǹkan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí eruku òkè ni yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀. Á gbálẹ̀ láti kọ̀rọ̀ tó jìnnà jù wá sí ẹnu ọ̀nà, kó má baà tẹ ibi tó ti mọ́. Aṣọ ìnulẹ̀ ilé ìgbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń nu ife. Àwọ̀ wọn gan-an kì í bára mu, kí ẹnikẹ́ni má ṣì wọ́n lò. Lẹ́yìn èyí ni alábòójútó á wá yẹ yàrá wò, kó tó di pé wọ́n sọ fún kàńtà pé ó ti ṣeé fún àlejò.

Ohun kan tí ìyá yẹn fi hàn wá yẹ fún àfiyèsí. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, ilẹ̀kùn máa ń wà ní ṣíṣí, kẹ̀kẹ́ tó fi ń kó aṣọ àti ọṣẹ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á mọ̀ pé òun ló wà níbẹ̀. Bí àlejò ọkùnrin bá wà nínú yàrá, ó lè padà wá nígbà mìíràn.

Tí wọ́n bá rí ohun tí àlejò gbàgbé, ì báà ṣe owó, ì báà ṣe òrùka, wọ́n á kọ nọ́ńbà yàrá, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó rí i sínú ìwé, wọ́n á sì fi pa mọ́ sí ibì kan. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ohun ìfọkàntánni ṣe wúwo tó lójú Ọlọ́hun. Níbí yìí, ìwé ni ẹlẹ́rìí.

Lọ́ńdìrì wà lábẹ́ ẹ̀ka yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n kì í ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan fún bẹ́ẹ̀dì kan. Ó kéré tán, ìlọ́po mẹ́ta ni: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan ní ibi ìfọṣọ, ọ̀kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní yàrá 50, tí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan sì ń lo aṣọ méjì, wọ́n nílò aṣọ 300. Bí lọ́ńdìrì bá fi ọjọ́ kan falẹ̀, kò ní sí aṣọ fún bẹ́ẹ̀dì, ọ̀dọ̀ kàńtà ni àlejò yóò sì ti pariwo. Wọ́n máa ń ya aṣọ funfun sọ́tọ̀, wọ́n á yẹ àpò aṣọ wò, wọ́n á sì fi àmì nọ́ńbà yàrá sára aṣọ àlejò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sómi.

Ẹ̀ka kẹta: Oúnjẹ àti ohun mímu

Ẹ̀ka yìí pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì yẹ kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kàn yín.

Àkọ́kọ́ ni ilé ẹrù. Ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ jáde, kí ti àná má baà bàjẹ́ sẹ́yìn tòní. Ẹran tútù máa ń wà ní ìsàlẹ̀ nínú fíríìjì, ohun tí a ti sè á wà lókè rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà kán sórí ohun tí a fẹ́ jẹ. Fíríìjì kò gbọdọ̀ móoru ju ìwọ̀n 5 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 ni kòkòrò àrùn ti ń gbilẹ̀. Nítorí náà oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà ní gbangba ju wákàtí méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń se ìrẹsì fún ìnáwó láti òru mọ́jú, ẹ gbọ́ o.

Èkejì ni ilé ìdáná. Láyé àtijọ́, alásè kan lè ṣe oúnjẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlejò á sì máa dúró. Auguste Escoffier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó ṣiṣẹ́ ní Savoy Hotel ní London lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1889, ló pín àwọn alásè sí ipò ipò: ẹni tó wà nídìí ọbẹ̀, ẹni tó wà nídìí ẹran, ẹni tó wà nídìí oúnjẹ oníyẹ̀fun. Olórí alásè kan ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ètò yẹn ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ṣì ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta ni àwọn agbáwo, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ dé iwájú àlejò. Níbi tí ètò bá wà, kò sí ìwé, kò sí oúnjẹ. Agbáwo á kọ ohun tí àlejò fẹ́, ẹ̀dà kan á lọ sí ilé ìdáná, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ agbowó. Bí àlejò bá sọ pé ẹ̀pà máa ń dá òun láàmú, tí agbáwo kò sì kọ ọ́, alásè kò ní mọ̀. Irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Ẹ̀kẹrin ni báà, ibi ọtí. Ibí yìí ni a gbọdọ̀ ti sọ̀rọ̀ gbangba. Gbogbo yín mọ̀ pé ìdájọ́ ẹ̀sìn wa lórí ọtí kò mọ sórí ẹni tó mu ún nìkan. Ó kan ẹni tó gbé e àti ẹni tó bù ú fúnni pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ agbáwo gbọdọ̀ béèrè kó tó fọwọ́ síwèé bóyá gbígbé ọtí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kó má dúró di ọjọ́ tí ọ̀gá bá na abọ́ ìgò sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé báà kì í ṣe òpó tó gbé hòtẹ́ẹ̀lì dúró. Ní Mẹ́kà, níbi tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì yí Mọ́sálásí Haram ká, kò sí báà kankan. Síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ka tó kù ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ni àwọn òbí yín ti sùn níbẹ̀ nígbà Hájì.

Ẹ̀ka kẹrin: Àtúnṣe

Àwọn wọ̀nyí ló ń mójú tó iná, jẹnẹrétọ̀, omi, ẹ̀rọ amúlétutù àti lífítì. Bí iṣẹ́ wọn bá dára, kò sẹ́ni tó ń rántí wọn. Bí kò bá dára, ẹ gbọ́ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1976, àwọn ológun fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Bellevue-Stratford ní ìlú Philadelphia. Lẹ́yìn ìpàdé, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ó lé ní èèyàn 25 tó kú. Ní oṣù kìíní ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó rí kòkòrò tó fà á. Wọ́n gbà pé inú omi tó ń tu ẹ̀rọ amúlétutù ilé náà lára ló ti jáde, tí atẹ́gùn sì gbé e dé imú àwọn èèyàn. Kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì náà ti tilẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́. Láti ìgbà náà ni fífọ àwọn ọpọ́n omi bẹ́ẹ̀ àti yíyẹ̀ wọ́n wò ti di iṣẹ́ tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ̀ka kárùn-ún: Ààbò

Máígàádì tó wà lẹ́nu géètì nìkan kọ́ ni ẹ̀ka yìí. Àwọn ló ń mójú tó kọ́kọ́rọ́, àwọn tó ń wọlé àti ewu iná.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 1980, iná ṣẹ́ yọ láti ara wáyà iná mànàmáná nínú ilé oúnjẹ kan ní ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì MGM Grand ní ìlú Las Vegas. Èèyàn 85 ló kú. Èéfín ló pa èyí tó pọ̀ jù, lórí àjà òkè tí iná kò dé. Ó gba ojú ihò lífítì àti àtẹ̀gùn gòkè bá wọn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, wọ́n yọ̀ǹda kí ilé oúnjẹ náà wà láìní ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí iná, nítorí wọ́n ní èèyàn yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo wákàtí 24, wọn yóò sì tètè rí iná. Nígbà tó yá, ilé oúnjẹ náà kò ṣí tòru mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà lọ yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi wò. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí àlejò nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìyá wa ṣe tún jáde. Àyípadà kékeré dé bá àkókò iṣẹ́ ẹ̀ka kan, kò sì kan ẹ̀ka ààbò létí. Níbikíbi tí ẹ bá sùn sí, ẹ ka iye ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá yín àti àtẹ̀gùn. Bí iná bá ń jó, ẹ má wọ lífítì.

Ẹ̀ka kẹfà: Owó àti ìṣàkóso

Ọ̀rọ̀ èyí kò gùn. Wọ́n ń ra ọjà, wọ́n ń sanwó oṣù, wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, máníjà àgbà sì wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ayẹ̀wéwò òru. Nígbà tí àlejò bá ti sùn, yóò kó gbogbo ìwé ọjọ́ náà jọ, ti kàńtà, ti oúnjẹ, ti lọ́ńdìrì, yóò fi wọ́n wé owó tó wọlé. Bí ìwé sọ pé àlejò jẹun, tí owó rẹ̀ kò sì sí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti mọ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá àti ọmọ. Lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé báyìí fún bàbá, a ò sọ fún un pé kó gbà, a ò sì sọ pé kó má gbà. A ní kí wọ́n jọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n béèrè ìbéèrè márùn-ún. Ẹ̀ka wo ni wọ́n fẹ́ fi í sí? Aago mélòó ni yóò wọlé, aago mélòó ni yóò jáde? Ǹjẹ́ ọtí wà nínú iṣẹ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ yóò rí àyè kí ìrun? Bí iṣẹ́ bá sì pẹ́ di alẹ́, ta ni yóò gbé e délé?

Wọ́n lọ. Lọ́ńdìrì ni wọ́n fẹ́ fi í sí, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn ín lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí a tún pàdé rẹ̀ ní mọ́sálásí ní Jímọ́ọ̀, ó ní: "Ààfáà, ṣé ẹ mọ̀ pé ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì?" A ní a mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí iṣẹ́ bá yọjú, ẹ má gbà á nítorí owó nìkan, ẹ má sì kọ̀ ọ́ nítorí orúkọ ilé nìkan. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò fi yín sí nínú ilé náà. Bí ẹ bá sì ti wọlé, ohun tí ẹ bá mọ̀ tí ẹnìkejì yín gbọdọ̀ mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kó tún un pè fún yín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹ̀ka yín

1. Ipò mẹ́rin wo ni yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lè wà? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí kàńtà bá ṣì í mú?
2. Kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú yàrá?
3. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní yàrá 80, tí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ń lo aṣọ méjì, aṣọ mélòó ló kéré jù tó yẹ kó ní?
4. Àyípadà wo ló ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ tàbí nínú ẹgbẹ́ yín?
5. Nínú àwọn ẹ̀ka tí a kà sílẹ̀ yìí, èwo ni ẹ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, kí sì ni ìdí rẹ̀?